Ẹni Kẹjọ Lórí Àga Kan

Bualai ni mí, ọmọ Roi Et,
níbi tí ilẹ̀ ti máa ń là bí àtẹ́lẹsẹ̀ àgbẹ̀.
Ọdún mọ́kànlélógún ni mo ti ń gbálẹ̀
ní ilé iṣẹ́ ìṣúná ní Bángkọ́kì.
Mo mọ àga òkè yẹn ju àwọn tó ń jókòó lé e lọ:
ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú.
Mo ká páálí, mo fi tì í
lọ́dún tí omíyalé wọ ìlú.
Mínísítà méje ti lọ.
Páálí kò lọ.

Anuwat ni ìkẹjọ. Mo dìbò fún ẹgbẹ́ rẹ̀.
Mo fi gbogbo òru jókòó nínú bọ́ọ̀sì, mo délé,
èmi àti Thongdam àbúrò mi jọ tò nínú oòrùn
torí wọ́n ní àwọn yóò ra ìrẹsì wa lówó gidi,
wọn yóò sì tú gbèsè kúrò lọ́rùn wa
bí ẹni tú ìborùn.

Gbèsè kì í ṣe ìborùn.
Awọ ara ni.

Ó wọlé lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tòun ti ẹ̀gbà òdòdó funfun,
ó kí mi.
Àwọn tó ti jẹ ṣáájú rẹ̀ kì í rí ìgbálẹ̀,
áńbọ̀sì ẹni tó dì í mú.
Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù kan: ìwé gbèsè.
Ó ṣí òmíràn: gbèsè tí wọ́n yá
láti fi san gbèsè inú ti àkọ́kọ́.
Èyí tó kù kò ṣí.
Wọ́n ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà ní bárékè.

Lọ́jọ́ kẹta, ọ̀gágun kan wá kí i kú oríire.
Bàtà rẹ̀ ń dán, mo rí ojú ara mi nínú rẹ̀
níbi tí mo bẹ̀rẹ̀ sí tí mò ń nulẹ̀.
Kò sẹ́ni tó pariwo.
Síbí ló ń dún nínú tíì.
Nígbà tó jáde, mínísítà kọjú sí fèrèsé,
ó ń wo ọkọ̀ ojú omi tó ń fa yanrìn lọ lórí odò,
bó ṣe rì tó, tí omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bò ó,
tí kò sì tíì rì tán.

Ẹgbẹ́ mẹ́sàn-án ló gbé ìjọba yìí,
bí èèyàn mẹ́sàn-án tó gbé àpótí kan gba orí afárá tóóró.
Bí ọ̀kan bá sín, ó parí.

Thongdam pè mí lórí fóònù:
“Ìrẹsì wa ti kún àká ìjọba,
eku ń sanra, owó ò dé.
Báńkì ní àwọn ń bọ̀ wá gbé katakata.
Ìwọ tó o wà nítòsí owó, bá mi wò ó.”
Ìtòsí owó!
Eruku owó ni mò ń gbá, àbúrò mi.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, àga mì.
Mínísítà bẹ̀rẹ̀, ó rí páálí, ó ti jẹrà.
“Ta ló fi èyí síbí?”
“Èmi ni, sà.”
“Ṣé ká pààrọ̀ àga?”
“Ìbuwọ́lù mẹ́fà ni yóò gbà, sà.”
Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.
Ó fa èèpo ẹ̀yìn fáìlì gbèsè kan ya,
ó ká a lẹ́ẹ̀mẹrin,
ó kúnlẹ̀, ó tì í sábẹ́ ẹsẹ̀ àga.

N kò mọ̀ bóyá yóò pẹ́.
Ẹni karùn-ún náà mọ ẹ̀rín rín.
Rédíò ní owó ìrẹsì tún já wálẹ̀ lónìí.
Mo pa iná, mo ti ilẹ̀kùn.
Bó bá wà níbẹ̀ lọ́la, màá gbálẹ̀.
Bí kò bá sí níbẹ̀, màá gbálẹ̀.

Thongdam,
máa lé eku.